Bí A Ṣe Fẹ́ Fi Bàbá Japan Jẹ Alága

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí nílé ìdáná ní Dubai nígbà ooru mọ̀ pé ẹni tó bá ń wọ aṣọ alápá gígùn síbẹ̀ ní ohun tó ń bò. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn títí tó fi sú wa. Ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí yìí, a kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà o. Ibi iṣẹ́ la ti pàdé, nílé oúnjẹ àwọn ará Japan kan ní àdúgbò Al Barsha. Ó jù mí lọ, ó dé ìlú yìí ṣáájú mi, ẹnu ẹ̀ sì mú bí abẹ. Òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà, èmi ń fọ abọ́, Bàbá ń dín nǹkan.

Bàbá ti lé lọ́gọ́ta. Ọmọ Japan gan-an ni, ará ìlú kékeré kan létí òkun. Ohunkóhun tó bá ti fẹ́ rí òróró nínú ilé oúnjẹ yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ló ń gbà kọjá. Òógùn á máa ṣàn lójú ẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, kò ní ká apá aṣọ sókè láéláé.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀ o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹni tó lẹ́tẹ̀ ni wọ́n á ní kó máa dín edé fún gbogbo Al Barsha?"

"Kí ló dé? Ṣé ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ọjọ́ tí òróró ta sí i lápá ni àṣírí tú. Bàbá fa aṣọ yẹn ya, ó sáré ki apá bọ abẹ́ omi tí mo fi ń fọ abọ́. Ẹ̀gbọ́n pariwo Jésù. Láti ọrùn ọwọ́ títí dé èjìká, kò síbi tí àwọ̀ ara ẹ̀ ti hàn: ìpẹ́ ẹja, ìgbì omi, òdòdó tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, pupa àti aró àti àwọ̀ ewé. Èmi ń da omi sí i, àmọ́ ìyá ìyá mi ni mò ń rí. Fínfín wà lápá màmá yẹn méjèèjì, alángbá níhìn-ín, òòyà lọ́hùn-ún, orúkọ ọkọ ẹ̀ láàárín. Ó máa ń sọ fún wa pé ọmọbìnrin tí kò bá lè fara da oró, ààbọ̀ fínfín ló máa gbé délé ọkọ, wọ́n á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi máa kú. Nítorí náà, ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju èyí lọ: "Bàbá, ta ló fín in fún yín? Ọwọ́ onítọ̀hún dáa o!"

Bàbá wò mí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbàgbé pé iná jó òun. Ó ní gbogbo ẹni tó ti rí apá yẹn láyé òun, bí wọn ò bá tẹrí ba, wọ́n á sá, bí wọn ò bá sá, wọ́n á pe ọlọ́pàá. Kò sí ẹni tó kí oníṣẹ́ ọwọ́ rí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ̀tàn fún wa díẹ̀díẹ̀. Tá a bá gba ìsinmi, a máa ń jókòó sórí garawa òróró lẹ́yìn ilé oúnjẹ náà. Gẹ̀ẹ́sì Bàbá ò pọ̀, kò ṣeé fi ṣàwàdà, kò ṣeé fi purọ́. Ó ní ẹgbẹ́ kan wà nílẹ̀ wọn tí àwọn tó wà nínú ẹ̀ máa ń fín ara báyẹn. Iṣẹ́ tí òfin ò fẹ́ ni wọ́n ń ṣe, tẹ́tẹ́, owó èlé, kí wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù nítorí kí ohunkóhun má bàa ṣe sọ́ọ̀bù náà. Àmọ́ wọn kì í fara pamọ́ nígbà náà. Wọ́n ní ọ́fíìsì, pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà bíi ti lọ́yà. Wọ́n ní káàdì tí wọ́n ń fún èèyàn. Tí ayálégbé ò bá fẹ́ jáde nílé onílé, tí ẹnì kan bá gbá mọ́tò ẹnì kan tí kò fẹ́ tún un ṣe, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará ìlú kan máa ń lọ, torí pé kóòtù ń pẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí ilé wó, omi àti oúnjẹ wọn ló dé ṣáájú ti ìjọba.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Èèyàn rere ni wọ́n nìyẹn."

Bàbá mi orí. "Ẹni tó gbé omi wá yẹn náà ló fọ́ sọ́ọ̀bù ẹni tí kò sanwó. Ọwọ́ kan náà."

Mo ní, "Bàbá, a ní wọn nílé. Àgbèrò là ń pè wọ́n." Mo ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń dúró ní gáréèjì, bí awakọ̀ ò ṣe lè kọjá láìfún wọn ní nǹkan.

Ó ronú díẹ̀. "Ṣé wọ́n ní pátákó?"

"Wọ́n ní aṣọ ẹgbẹ́. Wọ́n ní alága."

"Ṣé ọlọ́pàá mọ̀ wọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Wọ́n jọ ń kíra wọn ni."

Bàbá kàn ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n mú ìròyìn ilé wá bá.

Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yẹn kì í ṣe ti ìbọn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mójú tó ọjà ọjọ́ ọdún ló wà. Tí ojúbọ kan bá ń ṣọdún, àwọn èèyàn máa ń pa àtẹ sí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀: ẹni tó ń dín nǹkan, ẹni tó ń ta ohun ìṣeré, ẹni tó ń ta ẹja kékeré inú omi fún ọmọdé. Láàárọ̀, ọ̀gá á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà pín ilẹ̀. Ìwọ níhìn-ín, ìwọ lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jiyàn. Bàbá náà ń dín nǹkan lórí àtẹ tirẹ̀, tí ọ̀gá bá sì pè é, ó máa ń lọ bá ẹni tó jiyàn sọ̀rọ̀.

Ìjọba wá dọ́gbọ́n kan. Wọn ò ní kí ẹgbẹ́ náà tú ká. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá bá wọn da nǹkan pọ̀ ti wọ gàù: báńkì ò gbọdọ̀ ṣí àkáǹtì fún wọn, onílé ò gbọdọ̀ fún wọn ní yàrá, kódà síìmù fóònù ò rọrùn. Ẹni tó bá sì kúrò nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa lò kí wọ́n tó gbà pé ó ti kúrò. Bàbá ní nínú àwọn ọdún yẹn, òun ń mí ni, òun ò sí láyé.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Kò ní àkáǹtì, kò ní ilé, kò ní síìmù. Bàbá, bí èmi ṣe wà ṣáájú kí visa mi tó jáde nìyẹn!" Ló bá gbá a lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tèmi ti wọ̀ ọ́ rèé.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ Àìkú, àwa ìyá tá a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà máa ń gba gbọ̀ngàn kan ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, a máa ń pàtẹ oúnjẹ àti aṣọ. Puff-puff ni mò ń tà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ síkúrítì, ọjọ́ Àìkú sì ni wọ́n ń lò ó jù, nítorí náà èmi àti ọmọ nìkan la jọ máa ń lọ. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbélẹ̀. Mo ti gbé e sójú kan rí, mo bẹ̀rẹ̀ gbé kúlà, kí n tó nàró, ó ti jáde sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, mọ́tò kan ń fà sẹ́yìn bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Awakọ̀ náà rí i. Ọkàn mi ò tíì padà sáyè ẹ̀ dòní.

Ẹní àwọn ọmọdé, pẹ̀lú síláìdì oníke àti bọ́ọ̀lù, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló máa ń wà. Àtẹ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo lè fi ojú kan wo òróró, kí n fi ìkejì wo ọmọ. Àmọ́ mọ́mì kan wà láàárín wa tó ń ta small chops. Ó ní ibẹ̀ ló dáa jù, pé ẹni tó bá ń wọlé ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí, pé mi ò lè máa fi ọmọ gba ipò.

Ó sọ ọ́ lójú mi. "Àbúrò, gbogbo wa la bímọ. Èmi bí mẹ́rin. Ṣé kí n máa kó wọn wá gbàyè ni?"

Ó ní lóṣù tó ń bọ̀, òun máa tètè dé, òun máa tẹ́ tábìlì òun síbẹ̀, kí n lọ sí ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Tí mo bá lọ sẹ́yìn, mi ò ní máa rí ọmọ. Tí mi ò bá sì lè máa rí i, kò sí ọ̀nà àbáyọ, mo máa fi ọjà yẹn sílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ yẹn nìkan sì ni ọjọ́ tí mo máa ń gbọ́ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹnì kan á pè mí ní Ìyá Ọmọ, tí mi ò jẹ́ ọwọ́ tó ń fọ abọ́. Mo sunkún sórí abọ́ níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rí mi.

"Kí lo ń sunkún sí? Ṣebí a ní alága."

"Alága wo?"

Ó fi ẹnu júwe ibi tí Bàbá dúró sí, tó ń yọ edé nínú òróró.

Ẹ wò ó, ará Lọ́ndọ̀nù tó bá gbọ́ pé ẹnì kan ti ṣẹgbẹ́ burúkú rí, á yà á sílẹ̀. Ọmọ Èkó á béèrè pé, ṣé ó ṣì lè bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan? Bó ṣe wà lára wa nìyẹn. A kì í sì í lọ sọ́dọ̀ alága lọ́wọ́ òfo. A ra dábínù àti malt, a kúnlẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀ ilé ìdáná tó ń yọ̀.

Bàbá já ṣíbí òróró sílẹ̀. "Ta ló kú?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni ò kú, Bàbá. A fẹ́ kẹ́ ẹ wá bá wa dúró ni. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Kẹ́ ẹ kàn ká apá aṣọ yín sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ rìn kọjá níwájú mọ́mì kan."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká dìde. Ó ní nígbà kan, ọ̀gá rán òun sí obìnrin kan tó ń ta èso tí wọ́n fi ṣúgà bò. Ó ti tẹ́ àtẹ ẹ̀ kọjá ojú ṣọ́ọ̀kì. Òun dojú àtẹ náà dé. Obìnrin náà ṣa àwọn èso yẹn nílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó tẹrí ba, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

"Ó dúpẹ́," ni Bàbá wí. "Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ẹ̀yin fẹ́ ọwọ́ yìí. Ẹ ò mọ ohun tó ti ṣe."

Ojú tì mí. Ojú ti Ẹ̀gbọ́n náà, àmọ́ tiẹ̀ kì í pẹ́. Ó ní, "Ó dáa, ẹ kàn wá jẹ puff-puff. Ìyẹn náà ò dáa?" Bàbá ní òun máa wá jẹ puff-puff. Ó gba dábínù, ó dá malt padà.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún ẹnì kan ṣoṣo lórí fóònù pé ọ̀gá ẹgbẹ́ burúkú Japan ń bọ̀ wá gbèjà mi. Ẹ sì mọ ẹnì kan ṣoṣo ti àwa obìnrin.

Ọjọ́ ọjà pé, mo gbé ọmọ àti kúlà dé gbọ̀ngàn. Ibi tí mo máa ń wà ṣófo. Wọ́n ti gbá a. Wọ́n ti nu tábìlì mi. Mọ́mì small chops wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó ń juwọ́ sí mi.

"Àbúrò mi àtàtà! Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ọmọ wa ńkọ́?"

Ẹ! Ó ti di "ẹ". Obìnrin tó jù mí lọ tó bí mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Mo rora tẹ́ àtẹ mi. Mo rora tẹ́ ẹ bí ìyàwó gómìnà. Mo tiẹ̀ ní kí ẹnì kan bá mi sún fáànù, wọ́n sì sún un.

Ìgbà tí Bàbá wọlé, pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn tó fi áyọ́ọ̀nù lọ, gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Wọ́n gbé àga fún un. Wọ́n gbé àga kejì fún ẹsẹ̀ ẹ̀. Mọ́ínmọ́ín dé, ẹran díndín dé, zobo dé, kò tíì béèrè nǹkan kan. Ó ń yọ owó, wọ́n ń sá fún owó náà bí ẹni pé iná ni. Mọ́mì small chops wá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na àwo samosa sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. A ò mọ̀ pé ọmọ yín ni."

Bàbá yíjú sí mi. "Kí ló ń sọ?"

Mo ní, "Ó ní ẹ káàbọ̀."

Ó wo mọ́mì náà. Àwo yẹn ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀, igi tín-ín-rín tí wọ́n fi gún samosa ń lu ara wọn. Bàbá mọ ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó rí i púpọ̀ láyé ẹ̀. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó gba àwo, ó gbé e sórí tábìlì, ó dìde, ó sì tẹrí ba fún mọ́mì náà, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé orí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan orúnkún. Ó wá ní, "Túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi. Túmọ̀ gbogbo ẹ̀."

Mo túmọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń já mi léèékánná lẹ́yìn, mo ṣì ń túmọ̀. Bàbá ní òun kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Òun ò jẹ́ ọ̀gá rí, òun kàn ń dín nǹkan fún wọn, òun sì ṣe iṣẹ́ tí kò dáa, òun kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Kò sí ohun tó máa ṣe ẹnikẹ́ni nítorí òun. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ló fún ọ níbí, oṣooṣù lo máa nílò ẹ̀rù. Mi ò lè máa wá oṣooṣù kí wọ́n máa bẹ̀rù mi. Mo ti darúgbó."

Ìyẹn náà, mo túmọ̀ ẹ̀.

Ó fa àwọn igi lára samosa, ó ṣẹ́ ọ̀kan kúrú, ó kó wọn sínú ọwọ́. Ó ní nílẹ̀ òun ọ̀gá ló ń pín ilẹ̀, níbí kí igi pín in. Ẹni tó bá fa èyí tó kúrú, ẹ̀yìn ló ń lọ. Gbogbo ìyá tó ń dín nǹkan fà. Mọ́mì small chops fà, tiẹ̀ gùn. Èmi fà.

Ẹ ti mọ ẹni tí èyí tó kúrú bọ́ sí lọ́wọ́.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ike mi sínú àpò. Ọmọ mi wà lórí ẹní, ó ń yọ̀ bọ́ láti orí síláìdì, kò mọ nǹkan kan. Mo ń ronú ohun tí mo máa sọ fún ọkọ mi, pé mo ti jáwọ́.

Ohùn kan bú mọ́ mi. "Kí lo ń palẹ̀ mọ́ sí?"

Mọ́mì small chops ni. Ó ti nàró lórí ìkúnlẹ̀ ẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní lù ú, ohùn ẹ̀ sì ti padà.

Mo ní, "Mọ́mì, mi ò lè wà lẹ́yìn kí n máa ṣọ́ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà."

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé wọ́n lẹ ẹní yẹn mọ́lẹ̀ ni? Kí wọ́n ká a! Kí wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn. Ta ló tiẹ̀ fi ẹní ọmọdé sẹ́nu ọ̀nà tí mọ́tò wà? Mo fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́, wọ́n á ní ẹnu mi pọ̀. Yalla, ẹ yára, ẹ gbé e!"

Gbogbo wa dúró, à ń wo ẹní náà. Láti ìgbà tá a ti ń pàtẹ, kò sí ẹni tó rò ó. Èmi tí mo ti fẹ́ kó ẹgbẹ́ burúkú Japan wọ Sharjah tìtorí ẹ̀, mi ò rò ó.

Bàbá gbé síláìdì. Ẹ̀gbọ́n ká ẹní. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn, ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àtẹ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kò sí ibi tí ọmọ lè sá gbà mọ́ àfi kó gun orí mi kọjá. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba ṣíbí òróró lọ́wọ́ mi, ó ní iná mi pọ̀ jù. Láìpẹ́, mọ́mì small chops fi àtẹ tiẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń bá a jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun, ó ń sọ Yorùbá, Bàbá ń sọ èdè Japan, kò sì sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Ó tiẹ̀ fi ṣíbí lu Bàbá lọ́wọ́.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọ ẹnì kan fi ké. Mo yíjú. Ọmọ tèmi ti jókòó sí ìdí síláìdì, ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì, ó na ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, puff-puff kan. Ó ti kó wọn jọ sórí yẹ̀rì ẹ̀.

"Yalla, ọ̀kan," ló ń wí fún ọmọ tó ń ké. "Kò sí puff-puff, kò sí síláìdì. Khalas, ó parí."

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni?"

"Nílẹ̀ wa, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Èkó ló wà nínú ẹ̀jẹ̀."

Bàbá lọ jókòó sórí ẹní. Ó na ọwọ́, ó gba àwọn puff-puff náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, títí kan èyí tí wọ́n ti gé jẹ. Ọmọ mi ń wò ó, ètè ẹ̀ ti yọ síta, omi ti wà lójú. Ó ku ẹyọ kan lórí yẹ̀rì, kò sì sí ẹni tó sọ pé òun ló ni ín. Ó wò ó. Ó wo Bàbá. Ó dìde, ó sì tì í bọ Bàbá lẹ́nu.

Ẹnu Bàbá kún, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó yíjú sí mi.

"Ṣé owó àgbèrò lèyí, àbí ẹ̀bùn?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ ẹ́ ná."